Ojú Ìṣó Lórí Ilé Tísà

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ẹ̀rúwà, ẹgba tí mo jẹ lórí ọ̀rọ̀ yíyọjú kò kéré. Bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́ sílé ẹnì kan, mi ò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n jíṣẹ́ kí n máa bọ̀. Mo gbọ́dọ̀ mọ iye yàrá tó wà nínú ilé náà, ibi tí wọ́n ń kó igi ìdáná sí, àti ohun tó mú kí ògiri ẹ̀yìn sán. Ìyá mi a ní, "Folúkẹ́, ojú yìí á kó bá ọ lọ́jọ́ kan." Ó kó bá mi lóòótọ́, lọ́jọ́ tí mi ò jẹ́ kó béèrè tán, màá dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ló bọ́ mi títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi ni kí n máa yọjú wo ilé onílé, kí báńkì sì máa sanwó oṣù fún mi.

Ẹ̀yin ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ìwé, tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló dáa jù, mi ò mọ èyí tó dáa fún yín. Tèmi ni mo mọ̀, òun náà ni mo fẹ́ sọ. Ẹ mú èyí tó bá wúlò níbẹ̀, kí ẹ fi ìyókù rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, báńkì kan tó ń yá àwọn òṣìṣẹ́ lówó ilé kíkọ́ ṣí ẹ̀ka sí Ẹ̀rúwà. Wọ́n ń wá ẹni tó mọ ìṣirò, tó sì mọ ọ̀nà ilẹ̀ Ìbàràpá dé abúlé. Mo ní méjèèjì, wọ́n gbà mí. Owó rẹ̀ tó jẹun, kò tó ṣe fújà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Tísà tàbí òṣìṣẹ́ káńsù a wá pé òun fẹ́ kọ́lé. Àwa a lọ wo ilẹ̀, a ó wọ̀n ọ́n, a ó máa lọ wò ó bí ilé náà ti ń gòkè. Báńkì á yá a lówó, òun náà á máa san án padà lóṣooṣù fún ọdún gbọọrọ. Ilé náà gan-an ló dúró fún owó. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí onílé kò san nǹkan kan, báńkì lágbára láti tà á.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá, ará Abẹ́òkúta, ọkùnrin gíga tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń so táì nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Mi ò rí eyín rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin méjì ló fún mi lọ́jọ́ tí mo débẹ̀. Èkíní, a kì í mu omi nílé ẹni tí a wá wo ilé rẹ̀ títí a ó fi fọwọ́ síwèé. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nílẹ̀ wa. Àlejò tí kò gba omi, ọ̀tá ni, tàbí ó rò pé májèlé wà nínú rẹ̀. Àìmọye ìyá ló wò mí láti òkè délẹ̀ nítorí òfin yẹn. Èkejì, ó ní, "Ojú ni kó kọ́kọ́ béèrè. Bí ojú bá béèrè tán, ẹnu lè wá sọ tiẹ̀."

Mo rò pé mo gbọ́ ọ yé. Ní oṣù kejì, ó rán mi lọ sí Tápà láti lọ ka fèrèsé ilé akọ̀wé káńsù kan. Òjò ń ṣú, mo bi onílé, ó ní fèrèsé mẹ́sàn-án ni, mo kọ mẹ́sàn-án, mo sáré wọkọ̀. Nígbà tí mo gbé ìwé fún Ọ̀gá, ó wò ó, ó wò mí.

Ó ní, "Fèrèsé mẹ́sàn-án. Ta ló kà á?"

Mo ní, "Onílé ni, Ọ̀gá. Òun ló kọ́ ilé rẹ̀, ó yẹ kó mọ̀ ọ́n."

Ó ní, "Báńkì ń sanwó fún onílé láti ka fèrèsé ni? Padà lọ."

Ọkọ̀ Tápà ìgbà náà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìdùnnú. Mo padà lọ. Mẹ́jọ ni fèrèsé náà, onílé ti ka ọ̀kan tó ń gbèrò láti lù. Nígbà tí mo dé tí mo sọ fún Ọ̀gá, kò sọ pé mo kú iṣẹ́. Ó kàn na ìwé tuntun sí mi, ó ní kí n kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé kì í gba ìwé tí wọ́n fagi lé. Ó ní ohun tí ènìyàn bá ti fọwọ́ sí, ẹyin ni, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Irinṣẹ́ wa nígbà náà kò ju àkàbà onígi kan lọ, téèpù aláṣọ tó máa ń fà bí òjò bá pa á, pẹ́ńsùlù, àti ìwé kábọ́ọ̀nù. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ló wà ní ọ́fíìsì, lẹ́tà "a" rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni téèpù onírin dé, tí inú mi dùn sí i tó jẹ́ pé mo wọn bẹ́ẹ̀dì mi, mo wọn ẹnu ọ̀nà, mo wọn ọkọ mi níbi tó sùn sí. Mo máa ń wọ ṣòkòtò péńpé sábẹ́ ìró kí n lè gun àkàbà, àwọn èèyàn Ìdèrè sì máa ń pe ara wọn wá wo Àǹtí Báńkì lórí òrùlé. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Láti orí òrùlé, gbogbo àṣírí ilé ni mo ń rí, páànù tó dógùn-ún, ìṣó tó jáde, ibi tí káfíńtà ti ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀gá á dúró nísàlẹ̀, á máa béèrè, "Kí lo rí?" Bí mo bá ní "Páànù ni, Ọ̀gá," á ní, "Mo mọ̀ pé páànù ni. Kí lo rí?"

Ó tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí ìjì ọjọ́ yẹn tó jà. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni, nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbóná. Ọ̀sán ni. Mo wà ní ọ́fíìsì ní Ẹ̀rúwà, ọ̀run sì dúdú láti ìhà Ìgbó-Ọrà wá, gbogbo ewúrẹ́ tó wà níta sá wọ abẹ́ ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ dé. Ariwo páànù ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kì í ṣe ti òjò. Mo fẹ́ lọ yọjú lójú fèrèsé, Ọ̀gá fa aṣọ mi padà, ó ní, "Folúkẹ́, kì í ṣe gbogbo nǹkan la ń wò." Kò tó ìdajì wákàtí. Nígbà tó rọlẹ̀, páànù wà lórí igi máńgòrò, páànù wà láàárín títì, òrùlé ilé ìwé kan sì wà nínú oko ẹ̀gẹ́ odindi. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò lọ sí i níbi tí mo mọ̀. Láti Lánlátẹ̀ dé Ìdèrè, ilé tó ṣí lórí kò lóǹkà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́tà dé láti olú ilé iṣẹ́ wa ní Ìbàdàn. Wọ́n ní kí a fún gbogbo onílé tí ìjì bá jà ní ìsinmi oṣù mẹ́fà. Wọn ò ní san kọ́bọ̀ láàárín oṣù mẹ́fà náà, wọ́n á sì fi àkókò kún ọjọ́ ìsanwó wọn lẹ́yìn. Àmọ́ òṣìṣẹ́ báńkì gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí ìbàjẹ́ náà. Inú mi dùn sí báńkì wa lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè purọ́. Ọ̀gá lọ sí apá Tápà, ó ní kí n mú Ìgbó-Ọrà àti Lánlátẹ̀.

Ilé Bàbá Délé ní Ìgbó-Ọrà ni mo kọ́kọ́ lọ. Tísà ni Bàbá Délé, ó ń kọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìdèrè. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ́ ilé yàrá mẹ́rin yẹn. Owó oṣù àwọn tísà ti dúró láti oṣù mẹ́ta, nítorí náà òun náà kò tíì san owó báńkì láti oṣù mẹ́ta. Bí kò bá rí ìsinmi yẹn gbà, ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ ti di títà nìyẹn. Èmi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo dé, wọ́n ti gbá àgbàlá mọ́ tónítóní. Páànù wà lórí ilé. Nínú pálọ̀, wọ́n ta aṣọ funfun kan sí òkè, ó bo gbogbo ibi tó yẹ kí àjà wà, ó lẹ́wà bí ilé ìyàwó. Màmá Délé gbé omi tútù wá. Oòrùn ti pa mí láti ìdíkọ̀, mo ro ti òfin Ọ̀gá, mo sì ní ẹ̀ẹ̀kan péré yìí, ta ni yóò sọ fún un? Mo mu ún.

Bí mo ti gbé ife kalẹ̀, mo ní, "Bàbá Délé, ẹ kú ewu ìjì o. Ṣé kò ba nǹkan jẹ́ níbí?"

Tísà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Àǹtí. Kò séwu lóko, àfi gìrìrì àparò."

Màmá Délé náà ní, "Ọlọ́run ò jẹ́ á rí i o. Ẹ bá wa dúpẹ́."

Mo bá wọn dúpẹ́. Mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mo rí abọ́ àti àwo mẹ́rìnlá tí wọ́n dojú wọn dé lórí pèpéle, omi ṣì ń kán lára wọn. Mo wo àwọn abọ́ náà. Mo tilẹ̀ kà wọ́n, nítorí pé kíka nǹkan ti di àrùn sí mi lára. Ṣùgbọ́n mi ò bi ara mi ní ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ìjì kò ba ilé náà jẹ́, mo fọwọ́ sí i, ọkọ̀ báńkì sì gbé e lọ sí Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn yòókù ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Irú ilé tí mo kọ bẹ́ẹ̀ fún ní Ìgbó-Ọrà lé ní mẹ́fà. Ẹnu tiẹ̀ yà mí pé ìjì tó le tó yẹn fo ilé àwọn oníbàárà wa dá.

Ilé opó kan tó ń jẹ́ Ìyá Àdùkẹ́ ni mo lọ kẹ́yìn, ní Lánlátẹ̀. Òrùlé rẹ̀ ṣí gbayawu, páànù wà nílẹ̀ ní òkìtì, òun jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú ẹrù rẹ̀.

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin nìkan ni ìjì yìí rí ni?"

Ó wò mí bí ìgbà tí orí mi ò pé. Ó ní, "Èmi nìkan báwo? Ọ̀wẹ̀ ni ò tíì kàn mí. Àwọn géńdé àdúgbò ṣì wà lórí ilé keje, ó di ọ̀la kí wọ́n tó dé tèmi. Ọmọ yìí, gbogbo páànù tí o rí pé ó wà lórí àwọn ilé yòókù, o rò pé ibẹ̀ ló wà láti àná ni?"

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, mo ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ilẹ̀ Ìbàràpá kọ́ ni wọ́n á ti jẹ́ kí ilé ẹnì kan ṣí lórí títí láìdá sí i. Ọjọ́ kejì ìjì ni àwọn aládùúgbò ti pé jọ, wọ́n na páànù tó ká kò, wọ́n kàn án padà. Àti pé bí ẹ bá ní àlejò ń bọ̀ láti báńkì, ta ni kò ní gbálẹ̀? Ta ni kò ní ta aṣọ bo ibi tí àjà ti já? Mo rántí abọ́ mẹ́rìnlá. Ojú ti kà wọ́n, ẹnu ni kò jẹ́ kí ojú béèrè. Mo kí Bàbá Délé, ó sì dá mi lóhùn bí ọmọlúàbí ti ń dá ẹni tó kí i lóhùn, èmi sì lọ kọ ìkíni sínú fọ́ọ̀mù báńkì.

Kí n tó rí ọ̀nà gbé e gbà, èsì ti dé láti Ìbàdàn. Orúkọ Bàbá Délé kò sí lára àwọn tó gba ìsinmi. Ó wà nínú ìwé kejì, ti àwọn ilé tí wọ́n fẹ́ tà ní ìparí oṣù.

Mo wọlé tọ Ọ̀gá Láyíwọlá lọ. Ẹ̀rù bà mí dé ìdí ọkàn, mo jẹ́wọ́ fún yín. Ọkùnrin tí kò gba ìwé tí wọ́n fagi lé ni mo fẹ́ lọ bá pé ìwé tí mo fọwọ́ sí kì í ṣe òótọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti omi náà pàápàá.

Ó ní, "Mélòó ni abọ́ náà?"

Mo ní, "Mẹ́rìnlá, Ọ̀gá."

Ó ní, "Lọ gbé àkàbà."

Ọ̀sán gangan la dé Ìgbó-Ọrà. Ọ̀gá kí onílé, kò béèrè nǹkan kan. Ó wọ pálọ̀, ó ní kí a ti gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló gun àkàbà fúnra rẹ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó tú aṣọ funfun náà sílẹ̀.

Nínú òkùnkùn pálọ̀ yẹn, ìmọ́lẹ̀ tín-ín-tìn-ín ń wọlé láti òkè, kò lóǹkà, ó tàn sára ògiri, ó tàn sórí Bíbélì tísà, ó tàn sára táì Ọ̀gá. Ojú ìṣó ni. Nígbà tí ìjì fa páànù yọ, ojú ìṣó àkọ́kọ́ ṣí sílẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn kàn án padà, ibòmíràn ni ìṣó tuntun gbà. Páànù tí kò bá fò rí, ìlà ojú ìṣó kan ló máa ń ní. Ti Bàbá Délé ní méjì-méjì láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ọ̀gá sọ̀kalẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀ gbalaja sórí ẹní Màmá Délé, ó ń kà wọ́n.

Ìgbà tó kà á tán ló tó bi tísà, "Ẹ̀yin ẹ mọ̀wé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ọmọ yìí?"

Bàbá Délé tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ó kí mi ni. Ó mu omi wa, ó sì kí mi. Ṣé kí n wá máa ka ìyà mi sí i létí nínú ilé tí ogún èèyàn bá mi kàn láìgba kọ́bọ̀? Wọ́n á ní mo ya aláìmoore. Mo rò pé báńkì ti mọ̀. Gbogbo ayé ló rí ìjì náà."

Màmá Délé sì bú sẹ́kún níbi tó jókòó sí. Ó ní òun ló ní kí wọ́n kó àwọn abọ́ tí wọ́n fi ń gbe òjò tó ń jò sẹ́yìn kí ilé má baà rí wúruwùru lójú àlejò. Èmi náà ń sunkún. Ọ̀gá nìkan ni kò sunkún, ó ń kọ nǹkan.

Kò bá mi kọ lẹ́tà sí Ìbàdàn o. Ó ní èmi ni mo fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́, èmi ni màá fọwọ́ sí èyí náà. Ó kàn jókòó tì mí títí mo fi tẹ̀ ẹ́ tán. Ohun tí mo kọ ni pé, "Mo kí onílé, mi ò wo ilé." Lẹ́yìn náà ni mo tún gbogbo àwọn ilé yòókù wò, pẹ̀lú fèrèsé títì, láìmu omi ẹnikẹ́ni. Mẹ́fà nínú wọn ló ní ojú ìṣó méjì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi retí èsì, ìparí oṣù sì ń sún mọ́lé. Mi ò jẹun bó ṣe yẹ. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin nígbà tí lẹ́tà dé. Wọ́n yọ ilé Bàbá Délé kúrò lára àwọn tí wọ́n fẹ́ tà, wọ́n fún un ní oṣù mẹ́fà rẹ̀, wọ́n fún àwọn yòókù pẹ̀lú. Lẹ́tà kejì wà fún èmi, ìbáwí ni, wọ́n sì dá ìgbéga mi dúró fún ọdún méjì. Ọ̀gá kà á, ó sì rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé eyín rẹ̀ ní àlàfo níwájú.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ló yí padà lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, ó padà sí Abẹ́òkúta. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n fún wa ní kámẹ́rà, wọ́n ní kí a máa ya àwòrán ilé dípò kí a máa gùn ún. Mo fẹ́ràn kámẹ́rà náà, mo tú u wò lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè tò ó padà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ya ilé Bàbá Délé lọ́jọ́ tí mo mu omi yẹn, àwòrán ilé tó dára ni ẹ ó rí. Kọ̀ǹpútà dé lẹ́yìn náà, mo kọ́ ọ, ó sì rọ̀ mí lọ́rùn ju ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí "a" rẹ̀ ti kú lọ.

Ọdún tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì ni Bàbá Délé san èyí tó kẹ́yìn nínú gbèsè ilé rẹ̀. Mo ní èmi ni màá gbé ìwé ilé lọ fún un, kò sí ẹni tó bá mi jà sí i. Òun náà ti fi iṣẹ́ tísà sílẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun. Ó fọwọ́ síwèé, èmi náà fọwọ́ sí i, mo sì gbé ìwé ilé lé e lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni Màmá Délé gbé omi wá. Ó bu ú sínú ọ̀kan lára àwọn abọ́ mẹ́rìnlá yẹn, ó ní òun ti ń tọ́jú rẹ̀ dè mí láti ọjọ́ náà.

Mo mu ún tán pátá. Mo wá béèrè pé, "Bàbá Délé, ṣé òjò ò wọlé mọ́?"

Ó ní, "A dúpẹ́, Àǹtí."

Gbogbo wa gbé orí sókè, a wo òrùlé.